Àwo Tí Ọwọ́ Kan Ń Wọ̀

Ìkòkò ni Kùdírátù fi ń ka ọdún. Kò rántí oṣù tí wọ́n gbé e wọ ilé Gàní ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọdún yẹn ni òjò ká àwọn obìnrin mọ́ ìdí iná ní ẹbu, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò tí wọ́n sì ń sun ún, tí ìkòkò mọ́kànlélógún fi là lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ fọn fèrè wọ Ìlọrin, orù elẹ́nu tóóró ni ó ń mọ, nítorí àwọn lébìrà tó ń la ọ̀nà irin fẹ́ràn orù tí omi kì í tètè dà nù nínú rẹ̀. Ọdún tí ó bí Fàsílátù, kò mọ ìkòkò kankan fún ogójì ọjọ́. Nígbà tí ó padà dé ẹbu, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi amọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ tiwọn tán.

Kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jà Ìpátá. Ó ga, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ gùn, amọ̀ kì í sì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀, títí kan ọjọ́ ọdún. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, òun àti àwọn obìnrin àdúgbò a rìn lọ sí kòtò amọ̀ ní ọ̀nà Ṣàngó, tó ṣì jẹ́ igbó nígbà náà. Wọ́n á ru amọ̀ bọ̀, wọ́n á gún un lódó, wọ́n á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọn óò dojú ògbólógbòó ìkòkò dé, tí wọn óò máa tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, tí wọn óò sì máa yí i ká bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Kùdírátù kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń yí ìkòkò ká. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ní ó ń ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń rò.

Fàsílátù kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí ara rẹ̀ fi gbóná lọ́jọ́ kan, tí gìrì sì gbé e. Gbogbo ọmọdé ni gìrì lè gbé, kò sí ẹni tó fi ṣe nǹkan bàbàrà. Wọ́n fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màálù àti ewé tábà ṣe. Ìyá Àgbà, ìyá Gàní, mú àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì súnmọ́ iná kí ó lè ké. Ó ké lóòótọ́. Àpá iná náà kò parẹ́ mọ́, ó ń dán bí inú ìkòkò tí wọ́n fi òkúta dán. Ṣùgbọ́n gìrì náà kò lọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé láìjẹ́ pé ara gbóná. Ọmọ náà á dúró lójijì, ojú rẹ̀ á lọ sí ọ̀nà jínjìn, á ṣubú, apá àti ẹsẹ̀ á máa jà, ìfófòó á sì máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Nínú ilé, wọn kì í pe orúkọ àìsàn náà. "Nǹkan yẹn ti dé," ni wọ́n máa ń wí. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé wárápá ni. Gbogbo àdúgbò sì gbà pé inú itọ́ ni ó ń gbé, pé ẹni tó bá bá onítọ̀hún jẹ nínú àwo kan náà yóò kó o.

Ní ọdún tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, Ìyá Àgbà pe Kùdírátù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyàwó, èmi kò kórìíra ọmọ ọmọ mi," ni ó wí. "O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mìíràn wà nínú ilé yìí. Ìwọ tí o ń mọ àwo tà fún gbogbo Ìlọrin, mọ ọ̀kan fún ọmọ rẹ."

Kùdírátù mọ ọ́n. Àwo kékeré ni, ó jìn díẹ̀. Ó fi ṣùkù àgbàdo yí etí rẹ̀, ó sì fi ìka fa ilà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gbé e. Kò tíì mọ àwo tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, èyí gan-an ni ó sì dùn ún jù. Ó mọ orù kékeré kan tẹ̀ lé e, fún omi ọmọ náà.

Àwo mẹ́ta ni wọ́n ń bu oúnjẹ sí nínú ilé náà. Ti Gàní àti àlejò rẹ̀ ń lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ti àwọn obìnrin ń wà nítòsí ààrò: Ìyá Àgbà, Binta tí í ṣe ìyáálé, àti Kùdírátù ni wọ́n ń yí i ká. Ti àwọn ọmọdé ni ó tóbi jù. Àárín agbo ilé ni wọ́n ń gbé e sí, àwọn ọmọ Binta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì kúnlẹ̀ tì í. Fàsílátù á jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ń kó ìkòkò sí, á fẹ̀yìn ti ògiri, àwo onílà mẹ́ta á wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Kì í bẹ̀rẹ̀ títí wọn óò fi bẹ̀rẹ̀. Bí Ṣàmsúdéènì, àkọ́bí Binta, bá ní "Bísímílà," òun náà á ní "Bísímílà" láti ibi tó jókòó sí. Bí wọ́n bá gbé òkèlè, á gbé. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín, bí kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Bí tirẹ̀ bá fẹ́ tètè tán, á máa bu òkèlè tó kéré bí ẹ̀wà, kí òun àti wọn lè parí pọ̀.

Láti ìdí àwo àwọn obìnrin ni Kùdírátù ti ń wò ó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bẹ Ọlọ́hun pé kí wárápá lọ. Àdúà rẹ̀ ti dín kù. Lẹ́yìn ìrun àìlà, bí ó bá tẹ́ ọwọ́, ohun kan ṣoṣo ni ó ń tọrọ: kí ẹnì kan nínú ilé náà pe ọmọ náà lọ́jọ́ kan pé, "Fàsílá, wá jẹun."

Ọmọ náà ní ohun kan tí àwọn yòókù kò ní. Bí ìkòkò bá jáde nínú iná tí ó sì tutù, àwọn obìnrin ẹbu a máa fi ìka kàn án láti mọ èyí tó ti sán. Èyí tó dára a máa dún gooro. Èyí tó sán a máa dún bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, bí ojú kò tilẹ̀ tíì rí ibi tó ti sán. Fàsílátù kì í kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan, Binta wá mú ìkòkò omi fún ara rẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wálé.

"Èyí ni mo fẹ́," ni Binta wí.

Fàsílátù, tí kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, na ìka, ó kàn án. "Kò dáa."

"Kí ló ṣe é? Fi ibi tó ti sán hàn mí."

"N kò mọ̀. Ó ń wúkọ́."

Binta rẹ́rìn-ín. "Ìyá Fàsílá, wá gbọ́ o. Ọmọ rẹ ti gbọ́ ikọ́ ìkòkò."

Ó gbé ìkòkò náà lọ bẹ́ẹ̀. Kó tó di àlàásárì, omi ti ṣàn gba abẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ náà, Binta kì í mú ìkòkò láì kọ́kọ́ gbé e gba iwájú Fàsílátù kọjá, bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ.

Ọdún tí ogun àwọn òyìnbó ń parí lọ, Fàsílátù pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Gàní ń já ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú irin. Bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìròyìn wálé: pé ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ ń gbé àwọn tó ń wúkọ́, pé wọ́n gbé ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, pé akọ̀wé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, òun fúnra rẹ̀ wálé kí wọ́n tó kírun. Oòrùn mú ganrínganrín, ó sì ní òtútù ń mú òun. Ó da aṣọ méjì bora, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn.

Lọ́jọ́ kejì, dógarì kan, ẹ̀ṣọ́ láti ilé ọba, gun ẹṣin gba àdúgbò kọjá. Ó ní àwọn òyìnbó ti sọ pé àrùn tó wà nínú afẹ́fẹ́ ti wọ ìlú. Kí ènìyàn má pé jọ. Kí wọ́n fi aláìsàn sí yàrá ọ̀tọ̀. Kí wọ́n yọ àwo rẹ̀ àti ife omi rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá a jẹ, kí ẹnikẹ́ni má bá a mu.

Binta wà lẹ́nu ọ̀nà, àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Àwo ọ̀tọ̀?" ni ó wí. "Dógarì, o pẹ́ kí o tó dé. Fàsílá tiwa ti ń pa òfin òyìnbó mọ́ kí òyìnbó tó rò ó."

"Ẹ̀yin yòókù, ẹ wá pa á mọ́ pẹ̀lú rẹ̀."

"Kí n yọ àwo baálé mi sọ́tọ̀? Kí ó wá bi mí bóyá òun náà ti di oníwárápá?"

Àwọn obìnrin tó dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Dógarì alára rẹ́rìn-ín, ó sì fa ìjánu ẹṣin rẹ̀. Kùdírátù rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú wọn, kí wọ́n má baà sọ pé ìyá ọmọ náà kò mọ eré.

Kò sí ẹni tó yọ àwo Gàní sọ́tọ̀. Ta ni yóò fi irú ẹ̀tẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ọkùnrin nínú ilé ara rẹ̀? Àwọn ará wá kí i, wọ́n jókòó sórí ẹní rẹ̀, wọ́n mu omi nínú ife rẹ̀. Bí ó bá jẹun tí ó ṣẹ́kù, wọ́n gbé àjẹkù rẹ̀ fún àwọn ọmọdé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, àwọn ọmọ Binta sì ń du ẹran ìsàlẹ̀ àwo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọn kì í fún Fàsílátù ní àjẹkù bàbá rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ àwo náà.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ilé náà ti dákẹ́. Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. Binta dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n ń tò wọ́n. Ikọ́ ń jáde láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Àárẹ̀ náà mú Kùdírátù fún ọjọ́ mẹ́rin, kò mọ ilẹ̀ tó ń mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣú. Ohun kan ṣoṣo ni ó rántí: ojoojúmọ́, orù kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, omi kún inú rẹ̀. Orù Fàsílátù ni. Ọmọ náà kì í wọlé. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kí ó má súnmọ́ ibi tí àwọn ènìyàn bá ti ń jẹ tàbí tí wọ́n ti ń mu, ó sì rò pé yàrá ìyá rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn Binta kú ní ọjọ́ kọkànlá. Ààfáà Àbdùlgàfárù ló wá kírun sí i lára. Ọkùnrin náà ti kírun sí òkú mẹ́ta lára láti àárọ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Nígbà tí wọ́n parí, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, tí ó ti ń lè dìde jókòó díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ẹnì kan wà nínú ilé yìí tí àìsàn yìí kò tíì ṣe?" ni ó bi í.

"Ọ̀kan péré," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Ọmọ Kùdírátù. Ọmọ tí ó ní nǹkan yẹn."

"Kò tilẹ̀ wúkọ́?"

"Kò sín pàápàá."

Ààfáà mi orí, ó dìde, ó sì lọ sí ilé tó kàn. Kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà jókòó síbẹ̀ títí di àlàásárì, ó ń rò ó. Gàní, ọmọ rẹ̀, ṣì wà lórí ẹní, ẹ̀jẹ̀ wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí àrùn kọjá lára rẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn, Ọlọ́hun ń wo ọmọ náà lójú rere. Àdúà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ń wá. Ó pe Kùdírátù, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn gba ògiri mú.

"A máa ṣe sàráà lọ́la," ni ó wí. "Sàráà ọmọdé. A ó dín màsà, a ó po fùrá. Fàsílá yóò jókòó pẹ̀lú wọn, yóò jẹ, yóò sì ṣe àmín sí àdúà bàbá rẹ̀."

Kùdírátù rò pé ibà ni ó ń mú kí òun gbọ́ ohun tí wọn kò sọ. "Ẹ ní kí ó jókòó pẹ̀lú ta ni, Ìyá?"

"Pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣé kò ní ẹgbẹ́ ni?"

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tí ó padà dé yàrá, ó sunkún díẹ̀, ó sì wẹ orí ọmọ rẹ̀, ó di irun rẹ̀.

Wọ́n gbé sàráà náà sí àárín agbo ilé lẹ́yìn ìrun àìlà. Àwọn ọmọ Binta mẹ́ta tó kù wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà láti ilé méjì tó múlé gbè wọ́n. Ara àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá. Ti àwọn mìíràn kò tíì yá rárá, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọmọdé kí ó má wá jẹ màsà? Fàsílátù ti jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, àwo onílà mẹ́ta wà níwájú rẹ̀.

"Fàsílá," ni Ìyá Àgbà wí, "wá jẹun."

Ọmọ náà kò dìde. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

"Ṣé èmi?"

"Ìwọ ni. Ṣé Fàsílá méjì ló wà níbí?"

"Kí n gbé àwo mi bọ̀?"

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́ lẹ́nu àwọn méjì nínú wọn. Fàsílátù di àwo náà mú mọ́ àyà. Kùdírátù lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀.

"Má gbé e lọ. Gbé e fún mi."

"Ti èmi ni."

"Mo mọ̀ pé tìẹ ni. Lónìí, o kò nílò rẹ̀."

Kùdírátù fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba àwo náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó dojú rẹ̀ dé sórí pẹpẹ, láàárín àwọn ìkòkò tí wọn kò tíì tà.

Wọ́n súnra fún Fàsílátù. Ó kúnlẹ̀ láàárín Ṣàmsúdéènì àti ọmọbìnrin kan. Ó mú màsà kan, ó kọ́kọ́ wò yíká bóyá wọn yóò gbá a lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó gbá a. Wọ́n ń gbé igbá fùrá fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Ṣàmsúdéènì, ó mu, ó wúkọ́ sínú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì gbé e fún Fàsílátù. Ó mu ún títí tí fùrá fi kan imú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìyá Àgbà ń ṣe àdúà fún Gàní, ohùn Fàsílátù ni ó ga jù nínú àmín.

Kùdírátù dúró lẹ́bàá ààrò. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò tún ní ayọ̀ tó tó ti ọ̀sán ọjọ́ náà. Èyí kì í ṣe àsọdùn, nítorí lẹ́yìn náà, ó wá a títí.

Ní ọjọ́ kẹta, ara Fàsílátù gbóná bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná. Wárápá rẹ̀, tí kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní àárọ̀. Ní kété tí wọ́n kírun àìlà tán, ó tún dé, kò sì lọ. Yóò rọlẹ̀ díẹ̀, kí ọmọ náà tó la ojú, yóò tún gbé e. Kùdírátù fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà lélẹ̀, ó ń nu ìfófòó ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ìdí aṣọ.

Ìyá Àgbà gbé ẹ̀yinná wọlé nínú àpáàdì.

"Mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wá."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyàwó, ọmọ ń lọ. Mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wá."

Kùdírátù kò bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn rí. Kò bá a jiyàn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ó kàn tẹ̀ síwájú, ó sì da ara rẹ̀ bo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì, tí ó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ jó wọn yóò kọ́kọ́ jó ẹ̀yìn rẹ̀. Àpáàdì náà dúró lófuurufú díẹ̀. Ìyá Àgbà gbé e jáde.

Binta ló wọlé lẹ́yìn náà. Ọmọ tirẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan nínú ilẹ̀. Ó jókòó, ó gbé orí Fàsílátù lé orí itan rẹ̀, ìfófòó náà sì ń ṣàn sí i láṣọ.

"Ẹ óò kó o," Kùdírátù wí.

"Kí ló tún kù tí n kò tíì kó?"

Ààfáà Àbdùlgàfárù mú hàntú wá, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà. Ó wo eyín ọmọ náà tó há, ó ní kí wọ́n má dà á sí i lẹ́nu, kí wọ́n fi pa á lórí. Orí náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí omi dúdú náà ń gbẹ bó ti ń kàn án. Wọ́n kírun àlàásárì, nǹkan yẹn ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ náà sílẹ̀, bí ẹni tó ju aṣọ sílẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò kú. Ibà náà lọ ní ọjọ́ keje. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó la ojú, Fàsílátù kò mọ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọwọ́ ọmọlangidi. Wárápá wá ń dé lójoojúmọ́, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Gàní ní tirẹ̀ dìde. Ó gbẹ, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ó dìde. Gbogbo ilé sì gbà pé sàráà náà ni. Ìyá Àgbà sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá kí wọn: àmín Fàsílá ni Ọlọ́hun gbọ́, ọmọ náà ti fi àlàáfíà rẹ̀ gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò tún sí àwo ọ̀tọ̀ nínú ilé òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà lè jókòó, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n gbé e sí ìdí àwo àwọn ọmọdé. Ọkà bàbà ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Ṣàmsúdéènì ní "Bísímílà." Fàsílátù kò dá a lóhùn. Ó wo oúnjẹ náà pẹ́, ó na ọwọ́ òsì, ó sì tì í bọ àárín àwo.

Gbogbo ọwọ́ yòókù dúró.

"Ọwọ́ òsì ni, Ìyá," Ṣàmsúdéènì wí, kò sì fi ìwà ìkà sọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni.

"Mo rí i," Ìyá Àgbà dáhùn. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣé ó mọ̀ ni?"

Àwọn ọmọ náà fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tún na ọwọ́. Wọ́n ń wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn, wọ́n ń wo ara wọn. Kùdírátù dìde ní ìdí àwo àwọn obìnrin, ó lọ gbé ọmọ rẹ̀.

"Kí ló dé?" Binta bi í. "Wọ́n ti pè é. Kí lo tún fẹ́?"

"N kò fẹ́ nǹkan kan mọ́, Ìyáálé mi."

Ó gbé ọmọ náà lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìkòkò, ó gbé àwo onílà mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ. Erùpẹ̀ ti bò ó. Ó fọ̀ ọ́, ó bu ọkà sí i, ó da ọbẹ̀ lé e lórí. Ó bu òkèlè fún ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ebi ń pa òun náà, ó bu òkèlè kejì, ó fi sí ẹnu ara rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú àwo náà. Láti ọdún tí ó ti mọ ọ́n, kò tíì bá ọmọ rẹ̀ jẹ nínú rẹ̀ rí. Ó ti ń jókòó sí ìdí ààrò pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ń bẹ Ọlọ́hun pé kí ẹnì kan wá bá ọmọ náà jẹun. Ó ti ń dúró de ẹnì kan.

Ọdún mẹ́rin ni àwọn méjèèjì fi jẹun báyìí, lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ìyá àti ọwọ́ òsì ọmọ. Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá jẹun tán, Kùdírátù a máa fi èékánná kan etí àwo náà, kí ó dún gooro. Á wo ojú Fàsílátù. Ọmọ náà á máa wo ògiri. Ìyá rẹ̀ ń gbé ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù wá síwájú rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó dára àti èyí tó sán, ó ń kàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Binta rí i lọ́jọ́ kan níbi tí ó ti ń ṣe é, ó sì gba ọ̀nà ibòmíràn.

Fàsílátù kú ní àárọ̀ ọjọ́ òjò kan, nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ sí kòtò amọ̀. Wọ́n ti sin ín kí ó tó di ìrun àìlà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, àwọn obìnrin ilé yí àwo ká lẹ́bàá ààrò, Ìyá Àgbà sì na ọrùn sí ọ̀nà yàrá ìkòkò.

"Ìyàwó, wá jẹun."

"Ẹ ṣé, Ìyá. Mò ń jẹ lọ́wọ́."

Ó jókòó níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, àwo kékeré náà wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó dúró títí àwọn tó wà lẹ́bàá ààrò fi ní "Bísímílà," kí òun náà tó bẹ̀rẹ̀.